Iṣẹ́ ara yín lẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ wá fẹ́ gba iṣẹ́ oṣù: ibo lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀?

Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá pọ̀ sí i ní Ìlọrin níbí. Ẹni tó ń ránṣọ ní Tanke, ẹni tó ń lọ ata ní Gáà Àkàǹbí, ẹni tó ń ta prófíṣọ̀n ní Ọjà Ọba, epo tí wọ́n ń rà sí jẹnẹrétọ̀ ti gbé èrè lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní àwọn fẹ́ wá iṣẹ́ tí àwọn á máa gba owó ẹ̀ lóṣooṣù. Ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹ̀ ti ń dojú rú. Fọ́ọ̀mù á ní kí wọ́n kọ orúkọ ọ̀gá tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, kí wọ́n kọ ìdí tí wọ́n fi kúrò níbẹ̀, kí wọ́n kọ iye tí wọ́n ń gbà lóṣù, wọ́n á wò ó títí, wọ́n á fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo, àwọn míì á kúkú purọ́ síbẹ̀.

Iṣẹ́ atẹ̀wé ni èmi ń ṣe, àwọn èèyàn máa ń gbé CV wá pé kí n bá àwọn tẹ̀ ẹ́, ohun tó sì ń dùn mí jù níbẹ̀ ni kí n rí obìnrin tó ti fi ọdún mẹ́jọ darí ṣọ́ọ̀bù, tó gba ọmọ iṣẹ́, tó ń san owó ilé, tó ń tọ́jú ìwé gbèsè, kí CV ẹ̀ wá dúró síbi ọdún tó jáde ní Poly, bíi pé kò ṣe nǹkan kan látìgbà náà. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé bí wọ́n bá là á yé èèyàn dáadáa, kò ní rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n ń lò, kí ló sì wà nínú wọn?

Iṣẹ́ ara ẹni ni iṣẹ́ yòówù tó jẹ́ pé kásítọ́mà ló ń sanwó fún yín, tí kò sí ọ̀gá kankan tó ń fowó ránṣẹ́ lópin oṣù. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC (ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ òwò sílẹ̀) o, ẹ ò forúkọ sílẹ̀ o, iṣẹ́ ara ẹni náà ni. Iṣẹ́ oṣù ni èyí tí wọ́n fún yín ní lẹ́tà, tó ní aago ìwọlé, tó ní ẹni tí ẹ máa jábọ̀ fún. CV ni ìwé ojú kan tàbí méjì tó sọ ohun tí ẹ lè ṣe àti ibi tí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe ìtàn ìgbésí ayé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé kọ orúkọ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi síbẹ̀. Lẹ́tà ìwáṣẹ́ yàtọ̀ sí i, òun ló máa sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ iṣẹ́ yìí gan-an.

Èyí tó ń da èèyàn láàmú jù ni referee àti onígbọ̀wọ́, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Referee ni ẹni tí wọ́n máa pè tàbí kí wọ́n kọ̀wé sí pé irú èèyàn wo lẹ jẹ́, ṣé ẹ mọ iṣẹ́, ó máa sọ ohun tó mọ̀, ó tán. Onígbọ̀wọ́ ni ẹni tó máa fọwọ́ síwèé pé bí ẹ bá kó owó ilé iṣẹ́ lọ, òun ni kí wọ́n mú. Ẹ wá rí i pé ẹrù tó wà lórí ẹni méjèèjì ò dọ́gba, ẹ má lọ kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n yín sí fọ́ọ̀mù onígbọ̀wọ́ láì jẹ́ kó mọ̀, èyí ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ẹbí.

Ṣé ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ ara mi já sí asán ni?

Rárá. Iṣẹ́ ni, kódà ọ̀pọ̀ ìgbà ó le ju iṣẹ́ oṣù lọ. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ gbà yín ò rí i. Ká ní ẹ lọ sí ọjà Ìpàta, ẹnì kan gbé àpò ẹ̀wà sílẹ̀, ó rán ẹnu ẹ̀ pa, ó ní kí ẹ máa sanwó láì jẹ́ kí ẹ wo inú ẹ̀. Ẹ ò ní rà á. Ẹ̀wà yẹn lè dáa gan-an o, àmọ́ ẹ ò rí i, ẹlòmíì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tó tú ti ẹ̀ sínú ìgbá. Bí ọdún mẹ́fà, ọdún mẹ́jọ yín ṣe rí lójú máníjà nìyẹn tí ẹ bá kàn kọ pé ẹ ní bísínẹ́ẹ̀sì.

Nǹkan mẹ́ta ló máa ń ba ẹni tó fẹ́ gba oníṣẹ́ ara ẹni lẹ́rù, bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ ti mọ ohun tí ẹ máa fèsì sí. Àkọ́kọ́, kò mọ bó ṣe máa mọ̀ pé òótọ́ lẹ ń sọ, torí kò sí ọ̀gá tó máa pè. Èkejì, ó rò pé bí ọjà bá ti tún dáa báyìí, ẹ máa fi òun sílẹ̀ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀kẹta, ó rò pé ẹni tó ti jẹ ọ̀gá ara ẹ̀ ò ní lè gbàṣẹ. CV yín, àwọn ẹlẹ́rìí yín àti ẹnu yín lọ́jọ́ ìntáfíù, àwọn nǹkan mẹ́ta yìí ni gbogbo ẹ̀ fẹ́ dáhùn.

Kí ni kí n wá kọ sí CV?

Ẹ má kọ CEO. Mo mọ̀ pé ó dùn ún kọ, àti pé òótọ́ náà ni, ẹ̀yin lẹ ni ín. Àmọ́ ẹni tó ń wá olùtọ́jú stóò, tó wá rí CEO lókè, ohun tó máa sọ lọ́kàn ni pé èyí ò ní bá wa jókòó. Ẹ kọ iṣẹ́ tí ọwọ́ yín ń ṣe: aránṣọ àti alábòójútó ṣọ́ọ̀bù, oníṣẹ́ POS, olùdáná ayẹyẹ, ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Ẹ kọ orúkọ tí kásítọ́mà mọ ṣọ́ọ̀bù yín sí àti àdúgbò tó wà. Ẹ kọ oṣù àti ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀, oṣù àti ọdún tí ẹ parí. Bí ẹ ò bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, ẹ má fi Limited tàbí Enterprises parí orúkọ náà, torí ẹnikẹ́ni ló lè lọ wo orúkọ iṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì CAC lọ́fẹ̀ẹ́, bí wọ́n bá wò ó tí wọn ò rí i, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ibi tí iṣẹ́ wà gan-an. Ẹ jẹ́ ká mú aránṣọ kan ní Tanke tó fẹ́ gba iṣẹ́ olùtọ́jú stóò ní ilé iṣẹ́ kan. Ohun tó máa kọ́kọ́ kọ ni pé òun ní ṣọ́ọ̀bù, òun máa ń rán aṣọ ọkùnrin àti tobìnrin. Kò sí nǹkan tí èèyàn lè dì mú níbẹ̀. Tó bá jókòó síwájú mi, ìbéèrè ni mo máa fi tú u jáde: ta ló ń ra òwú àti sípù ní ṣọ́ọ̀bù yín? Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé bọ́tìnnì ti fẹ́ tán kó tó tán? Ṣé ẹ ti rán yunifọ́ọ̀mù fún ilé ìwé rí? Mélòó ni? Ọjọ́ mélòó ni wọ́n dá fún yín, ṣé ẹ bá a? Ojú ẹ̀ á wá là, á ní áà, àwọn ilé ìwé kan wà ní Fate, 160 ni wọ́n kó wá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n dá, èmi àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta la rán an, a kó o fún wọn kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó parí, èmi náà ni mo pín aṣọ fún olúkúlùkù tí mo sì ń kọ iye tó kù sínú ìwé.

Ẹ rí i báyìí. Rírà ọjà, kíka ọjà, pípín ọjà, kíkọ ọ́ sílẹ̀, dídarí èèyàn mẹ́ta, jíjíṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Iṣẹ́ olùtọ́jú stóò ni gbogbo ẹ̀ pátápátá, ó kàn jẹ́ pé ẹ̀rọ ìránṣọ ló wà láàárín. Ohun tó máa wọ CV nìyẹn, ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí iye wà níbi tí iye bá wà.

Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló máa ní kí ẹ kọ CV lédè Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ lédè wa, bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ ìyá yín, kẹ́nì kan máa kọ ọ́ sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá yí i. Ẹni tó bá fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ ńlá ńlá tó ti rí nínú CV ẹlòmíì ló máa ń dà síbẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ gan-an á wá sọnù sábẹ́ wọn.

Iye tí ẹ máa kọ, ibo lẹ ti máa rí i? Ó wà nínú ìwé gbèsè yín, ó wà nínú àláàtì báńkì, ó wà nínú WhatsApp tí kásítọ́mà fi gbéṣẹ́ fún yín, ó wà lára rẹ́síìtì tí ẹ fi ra ọjà. Ẹ jókòó tì í níròlẹ́ ọjọ́ kan, ẹ kà á. Ẹ má bù ú kún, torí olóṣèlú nìkan ló lè sọ iye tí kò mọ ibi tó ti wá, ẹ̀yin, wọ́n máa bi yín léèrè.

Ohun kan tún ni pé CV kan ò lè lọ síbi gbogbo. Oníṣẹ́ POS tó fẹ́ gba iṣẹ́ kaṣíà ní báńkì alábọ́dé máa kọ nípa owó tó ń kà, bó ṣe ń bá ìṣirò mu nírọ̀lẹ́, bó ṣe ń ṣe tí owó kásítọ́mà bá há. Ẹni yẹn kan náà tó bá fẹ́ iṣẹ́ títa ọjà, bó ṣe ń dá kásítọ́mà dúró ló máa gbé síwájú. Ìtàn kan náà ni o, ibi tí iná tàn sí ló yàtọ̀.

Ta ló máa jẹ́rìí mi nígbà tí kò sí ọ̀gá?

Àwọn èèyàn pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ilé ìwé tí ẹ rán yunifọ́ọ̀mù fún, ọ̀gá ilé ìwé yẹn lè sọ pé iṣẹ́ yín mọ́. Ẹni tí ẹ ti ń ra ọjà láwìn, tí ẹ sì ń san owó ẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ dá, ẹlẹ́rìí tó lágbára ni, torí owó ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ yín rí, ẹ ò sì kó o jẹ. Alága ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ yín, akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ẹ ti ń dá owó, ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́, gbogbo wọn ló wúlò. Àlùfáà àti pásítọ̀ náà dáa, àmọ́ ìwà yín ni wọ́n lè sọ, wọn ò lè sọ bí ẹ ṣe mọ iṣẹ́ tó, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó jẹ́ àwọn nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó kọ nọ́ńbà wọn, kí ẹ sì rán wọn létí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ gbà, kí ọ̀rọ̀ yín má baà yàtọ̀ síra.

Ìwé náà ń jẹ́rìí. Sátífíkéètì frídọ̀mù tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ tí ẹ parí ẹ̀kọ́ṣẹ́, tó ti di ohun tí wọ́n so mọ́ ògiri, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ ya fọ́tò ẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ wẹ́dà, kápẹ́ńtà, aránṣọ, oníṣẹ́ iná, ẹ lè lọ ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní trade test lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ìpele mẹ́ta ló ní, ìpele kẹta ló kéré jù, ìkíní ló ga jù. Èmi ka ìdánwò yìí sí gidigidi, torí ó ń sọ ohun tí ọwọ́ mọ̀ di ìwé tí ilé iṣẹ́ gbà, kò sì béèrè pé kí ẹ lọ yunifásítì. Bí ẹ bá wá ní ìwé CAC, ẹ mú un dání. Ẹ má lẹ ìwé báńkì mọ́ CV o, àfi tí wọ́n bá béèrè.

Ibo ni kí n ti máa wá iṣẹ́ náà?

Àwọn kan á ní ṣebí ọjà iṣẹ́ Ìlọrin ò tóbi. Lóòótọ́ Èkó kọ́ nìyí, àmọ́ ẹ wo àwọn ilé ìwé gíga tó yí wa ká: Unilorin tó ti wà láti 1975, Kwara Poly, Al-Hikmah, KWASU ní Malete, Federal Poly ní Ọ̀fà, Landmark ní Òmù-Àrán. Gbogbo wọn ò gba olùkọ́ nìkan, wọ́n ń gba awakọ̀, olùdáná, oníṣẹ́ iná, olùtọ́jú stóò, akọ̀wé. Ilé ìwòsàn wà, àwọn ilé iṣẹ́ wà lójú ọ̀nà Asa Dam, àwọn ilé ìwé aládàáni pọ̀ débi tí mi ò lè kà wọ́n. Tìjọba ìpínlẹ̀, TESCOM ló ń rí sí olùkọ́ girama, SUBEB ni ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Jobberman àti LinkedIn ni ọ̀pọ̀ kọ́ńpìnnì ń gbé iṣẹ́ sí, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ níbi tiwa, iṣẹ́ kéékèèké ò ní dé íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹnu ni wọ́n fi ń gbé e kiri. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé kó kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ti ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn. Kọ́ńpìnnì tó ń kó ọṣẹ, búrẹ́dì tàbí omi inú ọ̀rá wá sí ṣọ́ọ̀bù yín ń wá ẹni tó máa bá a tajà ní gbogbo ìgbà, ẹ̀yin sì mọ gbogbo oníṣọ́ọ̀bù láti Ọjà Ọba títí dé Gánmọ̀, ẹ mọ ẹni tó ń sanwó àti ẹni tó ń sá, kí ni ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì fẹ́ fi jù yín lọ níbẹ̀? Ẹ pe ẹni tó ń kó ọjà wá fún yín, ẹ ní ẹ ti ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ ń wá iṣẹ́, kó bá yín béèrè ní ọ́fíìsì wọn. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín, ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà ń dẹ́rù ba èèyàn. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ báńkì tó ń gba ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kì í fẹ́ ẹni tó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, irú iṣẹ́ yẹn, ẹ fojú fò ó. Àmọ́ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, òfin iṣẹ́ wọn gba ẹni tí kò tíì lé ní 50 láàyè láti wọlé. Nítorí náà ẹni ogójì ọdún tó rò pé ó ti pẹ́ jù, kò tíì pẹ́.

Wọ́n ní kí n san owó kí wọ́n tó gbà mí, ṣé kí n san?

Ẹ má san. Fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ìjọba, ọ̀fẹ́ ni. Kọ́ńpìnnì gidi ò ní gba owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, owó yunifọ́ọ̀mù tàbí owó fáìlì lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò tíì gbà. Tí mẹ́sééjì bá dé sórí fóònù yín pé wọ́n ti mú yín fún ìntáfíù níbi tí ẹ ò kọ̀wé sí, jìbìtì ni. Ẹni tó bá sì ní òun mọ ẹnì kan ní Àbújá tó máa bá yín gba iṣẹ́ tí ẹ bá mú owó wá, ẹ ti mọ ibi tí ìyẹn ń lọ. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ ni wọ́n máa ń dọdẹ, torí wọ́n mọ̀ pé owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ àti pé ara ń ni ín, ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú gidi.

Kí ni wọ́n máa bi mí ní ìntáfíù?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó dájú ni pé kí ló dé tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀. Ẹ má fi wákàtí kan bú ìjọba, ẹ má sì sunkún. Ẹ sọ òótọ́ ní kúkúrú: epo àti owó ṣọ́ọ̀bù ń jẹ èrè, mo ṣírò ẹ̀, mo rí i pé kò bá ara mu mọ́, mo jíṣẹ́ gbogbo kásítọ́mà kí n tó tì í, ohun tí mo wá fẹ́ báyìí ni ibi tí mo ti lè fi ohun tí mo mọ̀ ṣiṣẹ́ kí n sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá lè sọ báyìí ti fi hàn pé òun mọ ìṣirò, òun sì ní ìwà.

Èkejì ni ti àṣẹ. Ó lè jẹ́ pé ọmọ tí ẹ lè bí ni máníjà, ẹ̀yin lẹ máa máa pe ẹni yẹn ní sà. Bí wọ́n bá béèrè, ẹ má kàn sọ pé mo lè gbàṣẹ, gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ fún wọn ní àpẹẹrẹ: ìyá ìyàwó kan tó ní òun ò fẹ́ ọrùn aṣọ bí ẹ ṣe gé e, lálẹ́ tí ìgbéyàwó ku ọ̀la, ẹ tú u, ẹ tún un rán, ẹ ò bínú. Ẹni tó ti bá kásítọ́mà Ìlọrin ṣe pọ̀, kò sí ọ̀gá tí kò lè bá ṣe.

Ẹ̀kẹta, èló lẹ fẹ́ máa gbà? Ibí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ara ẹni ti ń ṣì í, torí iye tó ń wọlé ni wọ́n máa ń sọ, wọn kì í sọ iye tó ń kù. Ká ní 300,000 náírà ń wọlé lóṣù. Ẹ yọ 190,000 tí ẹ fi ń ra ọjà, ẹ yọ 15,000 owó ṣọ́ọ̀bù oṣù kan, ẹ yọ 25,000 epo àti iná, ẹ yọ 10,000 tí ẹ fi ń bọ́ ọmọ iṣẹ́. Ó ku 60,000. Owó oṣù yín gan-an nìyẹn. Bí wọ́n bá wá ní àwọn máa san 80,000, ó jọ pé ó pọ̀, àmọ́ bí ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ bọ̀ bá jẹ́ 1,200 lójúmọ́, fún ọjọ́ 22, ó ti di 26,400, ohun tó máa délé jẹ́ 53,600. Ẹ ṣe ìṣirò yìí nílé, kí ẹ tó dé iwájú wọn. Kí ẹ sì mọ̀ pé owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbé kalẹ̀ láti 2024 ni 70,000 náírà, àmọ́ òfin náà ò mú ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò tó 25, ìdí tí àwọn ilé ìwé kéékèèké kan fi ń san ohun tí kò tó o nìyẹn.

Owó orí, pẹ́ńṣọ̀n àti CAC ńkọ́?

Nígbà tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ara yín, ẹ̀yin lẹ máa lọ sọ iye tí ẹ pa fún KWIRS, ilé iṣẹ́ tó ń gba owó orí ní Kwara, kí oṣù kẹta tó parí lọ́dọọdún. Ní iṣẹ́ oṣù, ọ̀gá ló máa yọ ọ́ kí owó tó dé ọwọ́ yín, ohun tí wọ́n ń pè ní PAYE nìyẹn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, òfin tuntun ti ní owó tó bá ku sọ́wọ́ èèyàn láàárín ọdún, 800,000 náírà àkọ́kọ́ ò ní owó orí, ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù náà ò ní san. Nọ́ńbà Tax ID tí wọ́n ń béèrè, tó ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn èèyàn, NIN yín ló ń ṣiṣẹ́ ẹ̀, kò sí pé kẹ́nì kan gba owó lọ́wọ́ yín láti bá yín ṣe é.

Pẹ́ńṣọ̀n, tí ilé iṣẹ́ bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè, dandan ni: 8 nínú 100 láti ọwọ́ yín, ọ̀gá á fi 10 kún un. Ẹ̀yin lẹ máa yan ilé iṣẹ́ tó máa tọ́jú ẹ̀, ọ̀gá kọ́. Nọ́ńbà pẹ́ńṣọ̀n kan ṣoṣo lèèyàn ń ní títí ayé, tí ẹ bá ti ṣí pẹ́ńṣọ̀n tí wọ́n dá sílẹ̀ fún oníṣẹ́ ara ẹni ní 2019, ẹ sọ fún wọn, ẹ má ṣí òmíì.

Ti CAC, títi ṣọ́ọ̀bù ò pa orúkọ rẹ́. Lọ́dọọdún, kó tó di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, wọ́n ń retí kí ẹ fi ìròyìn iṣẹ́ ránṣẹ́ kí ẹ sì san owó ẹ̀, tí ẹ ò bá ṣe é, ìtanràn á máa gorí ara. Ẹ yan ọ̀kan: kí ẹ máa ṣe é, tàbí kí ẹ kọ̀wé pé iṣẹ́ náà ti dáwọ́ dúró.

Ṣé mo lè máa ṣe iṣẹ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ oṣù?

Níbi iṣẹ́ aládàáni, ẹ ka lẹ́tà yín. Ọ̀pọ̀ ò ní bá yín jà tí ẹ bá ń ránṣọ lọ́jọ́ Sátidé, àmọ́ wọn ò ní gbà kí ẹ máa ta irú ọjà tí àwọn ń tà, tàbí kí ẹ kó kásítọ́mà wọn lọ. Kàkà kí ẹ fi pamọ́, ẹ sọ ọ́ kó tó hàn.

Iṣẹ́ ìjọba yàtọ̀, ọ̀pọ̀ ni kò sì mọ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, níbi tó ti sọ ìlànà ìwà òṣìṣẹ́ ìjọba, kò gbà kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba láti àárọ̀ dalẹ́ máa darí òwò aládàáni. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ló yọ sílẹ̀. Nítorí náà ẹni tí TESCOM bá gbà lè dá oko ẹ̀gẹ́ ní Ìgbàjà tàbí Ọ̀fà, kò sẹ́ni tó máa bi í, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù tó ń jókòó sí nírọ̀lẹ́, ó ní láti rò ó dáadáa kó tó gba lẹ́tà yẹn.

Wọ́n ti gbà mí, kí ló kù?

Lẹ́tà. Ẹni tó ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu bá kásítọ́mà ṣe látọdún yìí wá máa ń rò pé tí ọ̀gá bá ti sọ ọ́ lẹ́nu, ó tó. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kí ọ̀gá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé kó tó pé oṣù mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀, kí iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, owó ẹ̀, wákàtí ẹ̀, ìsinmi ẹ̀ àti bí wọ́n ṣe máa pín gààrí wà níbẹ̀. Tí ìwé náà ò bá sọ iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀ kí ẹ tó kúrò, òfin ti sọ ọ́: ọjọ́ kan tí ẹ ò bá tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ ò bá tíì tó ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ méjì láti ọdún méjì sí márùn-ún, oṣù kan láti ọdún márùn-ún lọ. Ó mú ọ̀gá náà bó ṣe mú yín. Tí oṣù kejì bá ti ń parí tí ẹ ò tíì rí ìwé kankan gbà, ẹ fi sùúrù béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń rí sí òṣìṣẹ́, kí ẹ sì tọ́jú àláàtì gbogbo owó oṣù tí wọ́n bá san, torí òun ni ẹ̀rí yín títí lẹ́tà fi máa jáde.